Tẹ́tẹ́ Nínú Ẹ̀sìn Ìsìláàmù



Nígbà tí a dábàá pé kí a ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire láti fi parí gbọ̀ngàn ìlú, àwa Mùsùlùmí kan kọ̀. Wọ́n pè wá ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ìdí nìyí tí mo fi dìde.

Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá a máa pa ràkúnmí, wọn a sì fi ọfà ṣẹ́ kèké lé ẹran rẹ̀. Ẹni tí kò ríre ni yóò san owó ràkúnmí. Ẹni tí ó jẹ a sì máa fi ẹran náà tọrẹ fún aláìní. Àlùkùránì, Súrà 2, ẹsẹ 219, kò sẹ́ àǹfààní yìí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ inú tẹ́tẹ́ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Súrà 5, ẹsẹ 90 àti 91, kà á léèwọ̀, nítorí ìkórìíra tí ó ń dá sílẹ̀, àti nítorí pé ó ń múni gbàgbé Ọlọ́run.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ta kòkó bàbá rẹ̀, ó gbé owó wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Òrè, ó jáde lọ́wọ́ òfo. Bí àwa àgbà bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire, ẹnu wo ni a ó fi bá a wí?

Ahun kọ́ ni wá. Iye tí ẹnikẹ́ni bá fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwa yóò dá a ní ọrẹ, láìretí ẹ̀bùn kankan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí Ọlọ́run bùkún Odìgbó.