Tele-: Àfòmọ́ Gíríìkì Tó Rìn Jìnnà

Nínú oṣù kẹrin ọdún 1611, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Róòmù, Accademia dei Lincei, se àsè fún Galileo. Awò tó fi ń wo òṣùpá àti ìràwọ̀ wà níbẹ̀. Giovanni Demisiani, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ni wọ́n gbà pé ó fún awò náà lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é dòní: telescope. Tele ni òkèèrè lédè Gíríìkì, skopein sì ni kí èèyàn wo nǹkan.

Ọ̀rọ̀ telegraph ló tẹ̀ lé e, ìtàn tirẹ̀ sì dùn jù. Tachygraphe, èyí tí í ṣe akọ̀wé ayára, ni Claude Chappe ará Faransé kọ́kọ́ fẹ́ pe ẹ̀rọ rẹ̀, kí Miot de Mélito tó gbà á nímọ̀ràn pé télégraphe ló yẹ ẹ́. Kò sí iná mànàmáná nínú ẹ̀rọ yìí rárá. Ilé ìṣọ́ ni wọ́n kọ́ tẹ̀ léra wọn láti Paris dé Lille lọ́dún 1794, igi gbọọrọ kan tó ní apá méjì sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ á fi awò wo ilé ìṣọ́ tó ṣáájú, á rí bí apá igi ibẹ̀ ṣe tẹ̀, á sì fa tirẹ̀ kó tẹ̀ bákan náà, kí ẹni tó kàn lè rí i. Nígbà tí wáyà iná dé, ilé ìṣọ́ di àwókù, ṣùgbọ́n wáyà náà jogún orúkọ.

Lọ́dún 1852, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà gbé telegram jáde. Àwọn tó mọ Gíríìkì dunjú fara ta á: wọ́n ní telegrapheme ló bá òfin èdè mu. Aráàlú kò gbọ́. Television tún burú sí i lójú wọn, nítorí pé Gíríìkì ni orí rẹ̀, Látìnì ni ìdí. Constantin Perskyi ló lo ọ̀rọ̀ náà ní Paris lọ́dún 1900. Nígbà tó fi máa di ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn.

Àfòmọ́ náà kò dúró sójú kan. Nínú telethon, tẹlifíṣọ̀n ni tele- ń tọ́ka sí. Nínú telemarketing, tẹlifóònù ni. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ há a sórí pé òkèèrè nìkan ni, ó ti ṣi ọmọ náà lọ́nà.

Ewu tó tóbi jù ṣì wà níwájú. Teleology, ẹ̀kọ́ nípa ète tí nǹkan wà fún, kò bá òkèèrè tan. Telos, òpin tàbí ète, ni ìyá rẹ̀. Lédè Gíríìkì, fáwẹ̀lì gígùn ló wà nínú tele ti òkèèrè, kúkúrú ló wà nínú telos, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ wọ́n. Ìkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló da méjèèjì pọ̀, gẹ́gẹ́ bí igba, igbá àti ìgbà ṣe máa ń dàpọ̀ bí a bá yọ àmì ohùn wọn dànù. Ọmọ ìdílé telos náà ni telomere, ohun tó dé orí àti ìdí okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá ẹni nínú sẹ́ẹ̀lì.