Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Ilẹ̀ Etí Pápákọ̀ Òfúrufú?

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí ọkọ̀ òfúrufú akérò ti ń gbéra ní pápákọ̀ Gateway, láàrin Ìpèru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Yewa ní Ìpókíà níbí: ṣé kí àwọn náà lọ ra ilẹ̀ síbẹ̀? Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ilẹ̀ ṣe súnmọ́ pápákọ̀ tó ló ń sọ ọ́ di owó. Ìhà tó bọ́ sí lára ààlà tí ìjọba fà ni.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Abala 28 fún un lágbára láti gba ilẹ̀ padà bí ire ará ìlú bá béèrè fún un. Abala 29 ló wá sọ ohun tí wọn yóò san: owó irè oko, owó ilé àti ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò ju owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san lọ́dún tí wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ, bó bá tilẹ̀ san rárá. Ẹ wo ọmọ ìyá méjì tó pín oko bàbá wọn. Odi pápákọ̀ gba àárín ebè gbágùúdá kọjá. Ẹ̀gbọ́n tí oko rẹ̀ bọ́ sínú odi gba owó gbágùúdá; àbúrò tí tirẹ̀ wà lẹ́yìn odi ń ta púlọ́ọ̀tì fún ẹni tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Èyí kò dáa. Ó yẹ kí wọ́n tún abala 29 náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 mú kí àtúnṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀ le bí àtúnṣe Òfin Orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n tó tún un ṣe, kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo òpó kọnkéré kékeré tí àwọn sọ́fíọ̀ rì sí igun ilẹ̀. Nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Kí ó fi wé ti inú ìwé sọ́fè, kí ó sì gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fíọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Rìsíìtì kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní àyíká pápákọ̀ Ìkẹjà, a ti rí ilé ńlá tí katakata wó torí pé orí ilẹ̀ pápákọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ilé gíga nítòsí pápákọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfúrufú.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ọmọ ẹbí kan ṣoṣo tó tà á láìsí olórí ẹbí kò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n yí i padà.

Ẹ má fi owó èlé rà á o, torí iṣẹ́ ìjọba lè pẹ́ gan-an. Ìgbà gómìnà Gbenga Daniel ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pápákọ̀ Rẹ́mọ yìí. Ìjọba gómìnà Dapo Abiodun ló kọ́ ọ. Níwájú wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sọ̀rọ̀ pápákọ̀ tuntun ní Glo-Djigbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè náà lónìí ni ibùdó ilé-iṣẹ́ GDIZ, hẹ́kítà 1,640, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ẹ̀yin tí ẹnubodè Ìdìrókò tì mọ́ lójú láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kẹrin 2022 mọ bí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe ń sọ ilẹ̀ àti ọjà di òkú.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin onílẹ̀, yálà ní Rẹ́mọ tàbí lọ́nà Ìdìrókò níbí: ẹ má tà á tán. Ẹ fi í háyà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rù tàbí ilé yìnyín fún irè oko, fún ogún ọdún. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dọ̀ lọ́yà pé ẹ ó máa tún owó rẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, àti pé bí ogún ọdún bá pé, ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀ di ti ẹbí.