Ìwé Tí Ó Ń Ṣí Lójú Kọ̀ǹpútà



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ìwé ṣe ń ti inú ẹ̀rọ tí ó jìnnà wá ṣí lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan yóò wí nínú ọkàn wọn pé, kí ni ti àlùfáà nínú èyí? Ó kàn mí, ó sì kàn yín, nítorí pé ìwé àwọn ọmọ wa ni. Èsì ìdánwò àti ìwé ìgbaniwọlé ń gba ọ̀nà yìí wá lónìí. Ẹni tí ó bá sì rìn dé Àgbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, yóò rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń tẹ ìwé wọn jáde lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó wà ní Dùgbẹ̀ ṣe àkàwé. Lẹ́tà kì í rìn ní ìhòòhò. Inú àpò ni ó ń wà, a sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí ara àpò náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nígbà tí ọmọ bá tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ tí ìwé wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, a máa rán an wá díẹ̀díẹ̀, bí omi ti ń ti ẹnu ẹ̀rọ wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara àpò ni ó ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀kan ń sọ irú ìwé tí ó jẹ́, bíi application/pdf. Èkejì, Content-Disposition, ń sọ ohun tí a ó fi ìwé náà ṣe. Bí ó bá wí pé inline, bráúsà yóò ṣí i sínú táàbù kí a kà á. Bí ó bá wí pé attachment, yóò kó o pamọ́ sínú ẹ̀rọ.

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, attachment túmọ̀ sí pé ìwé ọmọ yín, pẹ̀lú orúkọ àti máàkì rẹ̀, lè sùn sínú àpamọ́ Downloads lẹ́yìn tí ọmọ ti sanwó tí ó sì ti lọ sílé, kí ẹni tí ó bá jókòó tẹ̀lé e máa kà á. Inline sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó lóun nìkan: bráúsà a máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ó fi hàn, àfi bí sáfà bá fi Cache-Control: no-store kún un.

Àwọn kan tí ń ṣe irú ètò yìí a máa dúró kí ìwé dé tán kí wọ́n tó ṣí táàbù tuntun. Bráúsà yóò rò pé ìpolówó ọ̀sán gangan ni, yóò sì tì í. Ìsopọ̀ lásán, tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ni ó dára jù.

Ó ku ti orúkọ, èyí tí ó dùn mí jù lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ fi ìwé náà pamọ́ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, orúkọ tí sáfà fún un ni yóò jẹ́. Ara àpò yìí kò mọ̀ ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà Ṣọlá a máa di àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè pè. Àbùkù gidi ni èyí fún èdè tí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láti ọdún 1843. Ìlànà RFC 6266 ti ọdún 2011 sì ti fi ọ̀nà àbáyọ hàn: kí a kọ filename*=UTF-8'' síwájú orúkọ, kí a sì yí lẹ́tà wa sí nọ́ńbà baìtì rẹ̀. Ṣ kékeré di %E1%B9%A3. Ọ kékeré di %E1%BB%8D. Bráúsà yóò tú u, Ṣọlá yóò sì dé bí ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́. Ìlà kan ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe ètò yín bóyá ó ti kọ ọ́.