Ẹ Jẹ́ Ká Bi Ilẹ̀ Léèrè Ká Tó Da Kọnkéré

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn Ojúde Ọba)

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú pé ọmọ tó máa ń pẹ́ dé kíláàsì ló fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Gbogbo wa la ti fẹnu kò pé ká kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn lókè, kí owó ilé ibẹ̀ máa san owó ìwé àwọn ọmọ tí kò ní. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi lọ̀ wá yẹn, ṣé ẹ rántí àwọn tó wà níbẹ̀? Àwọn mẹkáníìkì ni. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń da kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì síbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ náà ló yẹ ká wò ká tó gbé ilé lé e.

Ẹ má rò pé mò ń dẹ́rù bà yín. Ó ti ṣe mí rí. Mo ra ilẹ̀ kan lẹ́bàá títì, mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sí i, mo gbẹ́ kànga. Omi tó jáde ń rùn bíi kẹrosíìnì. Àṣé ilé epo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí táǹkì rẹ̀ ti ń jò. Ìyá olóúnjẹ tó gba ṣọ́ọ̀bù méjì ní kí n dá owó ọdún méjì padà, mo sì dá a. Mo sáré lọ bá àwọn adójútòfò. Wọ́n ní ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì làwọn ń san, àwọn kì í san ti ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ kí n tó rà á. Mo ka ìwé wọn, òótọ́ ni. Èmi ni mi ò kà á tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún rántí Kókó, ní Bendel ìgbà náà, tó di Delta lónìí. Ní 1988 ni àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò ará Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wá síbẹ̀. Ọgbà bàbá kan ni wọ́n háyà, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń san lóṣù. Òun rò pé ọjà lásán ni. Láti ibẹ̀ ni ìjọba fi dá FEPA sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, tí Òfin 86 ti 1992 sì sọ ọ́ di dandan láti yẹ àyíká wò kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Ilé tiwa lè má tóbi tó èyí tí òfin yẹn ń sọ, àmọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀ kàn wá.

Ìwó ilé ńkọ́? Ní November 1, 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní Gerrard Road, Ìkòyí. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú, onílé gan-an sì wà lára wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni àwọn ẹbí máa mú? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilẹ̀ ni. Ti wa yìí, orúkọ olùkọ́ wa méjì la fẹ́ kọ síbẹ̀. Àwọn àgbà tó nà wá ká lè mọ̀wé, ṣé àwọn la fẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá nílé?

Òfin adójútòfò 2003 ti pàṣẹ pé ilé tó bá ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì láti ìgbà tí iṣẹ́ bá ti ń lọ lọ́wọ́, kí ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ sì ní ti iná, ìwólulẹ̀ àti omíyalé. Òfin tuntun ti 2025 ló rọ́pò rẹ̀, àmọ́ kò mú dandan náà kúrò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yẹn níbi mẹ́rin, kí wọ́n yẹ iyẹ̀pẹ̀ àti omi rẹ̀ wò, ká tó san kọ́bọ̀. Èkejì, kí àdéhùn wa sọ ẹni tó máa tún ilẹ̀ ṣe bó bá bàjẹ́. Ẹ̀kẹta, kí kọntirakitọ fi ìwé ìnṣọ́ránsì hàn wá kí bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó délẹ̀, ká sì kà á dé ìlà ìkẹyìn.

Owó àyẹ̀wò yẹn máa dun yín, mo mọ̀. Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ iye owó. Àmọ́ bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ yẹn bá mọ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbé símẹ́ǹtì wá.