Ọ̀bẹ Tí Kò Mú Ló Ń Gé Ni Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ la mú wá. Ọ̀kan nínú wa ń gé pọ̀nmọ́, ọ̀bẹ ò mú, ó fipá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìsọ̀ ẹ̀ wà ní títì.

Ká yéé pọ́n ọ̀bẹ létí àtẹ̀gùn (àwa náà jẹ̀bi). Òkúta ìpọ́nbẹ olójú méjì la fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin. Ẹ fomi rin òkúta, ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ pọ́n apá méjèèjì bákan náà: ojú tí kò jọ̀lọ̀ ṣáájú, èyí tó jọ̀lọ̀ tẹ̀ lé e. Tòmátò ni kẹ́ ẹ fi dán an wò o, kì í ṣe àtàǹpàkò.