Wíwọn Ewu àti Èrè Kí A Tó Dágbá Lé Àjò



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wádìí ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń pinnu ohun tí yóò ṣe nígbà tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ohun méjì ni wọ́n ní kí a wọ̀n: èkíní, bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, èkejì, bí ó ti níye lórí tó fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa ní Èjìgbò, Másífà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti agbègbè wa ti ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, nítorí pé agbo ilé tí kò ní ọmọ ní Kodifuá kò pọ̀ láàrin wa.

Ní ọdún 1738, onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, Daniel Bernoulli, fi oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹrù ọkùnrin náà wà lókè òkun, nínú ọkọ̀ ojú omi mẹ́wàá ọ̀kan a sì máa rì. Bí ó bá kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ kan, ìdá kan nínú 10 ni ewu pé kí ó pàdánù gbogbo rẹ̀. Bí ó bá pín in sí ọkọ̀ méjì tí kì í jọ rìn, ewu pé kí méjèèjì rì kò ju ìdá kan nínú 100 lọ. Ẹ fi orí jì wá bí ìṣirò bá pọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ wa ni. Ìyá wa oníṣòwò tí ó pín ẹrù rẹ̀ sí mọ́tò méjì kí wọ́n tó gba Kùtọnù, Lomé àti Àkrà lọ sí Abidjan ti ṣe ìṣirò kan náà, bí kò tilẹ̀ di gègé mú.

Bernoulli tún ní kí a wo akúṣẹ̀ẹ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ kan bọ́ sí lọ́wọ́: ó lè jẹ 20,000 owó wúrà, ó sì lè má jẹ nǹkan kan, ìdajì sí ìdajì. Ó ní akúṣẹ̀ẹ́ náà kò gọ̀ bí ó bá tà á ní 9,000, ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ ni kò gbọ́n bí ó bá kọ̀ láti rà á ní iye yẹn. Owó kan náà kì í wúwo bákan náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gan-an. Bàbá kan ní ilẹ̀ mẹ́rin, ó ta ọ̀kan fún owó àjò ọmọ rẹ̀. Bàbá kejì ta ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ní. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ọmọ náà gbà, ewu kan náà ni ó wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìpinnu àwọn bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí òwò ọmọ ẹni kejì bá forí ṣánpọ́n, kò sí oko tí yóò padà sí.

Òṣùwọ̀n kìíní ni ó ṣòro fún wa jù. Ní ọdún 1974, ọmọ Ísírẹ́lì méjì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, kọ ọ́ pé bí nǹkan bá ti tètè ń wá sí ọkàn ènìyàn ni yóò máa rò pé ó wọ́pọ̀. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà nílé ní àkókò ọdún. Ẹni tí ó kọ́lé, tí ó gbé mọ́tò dé, tí ń ná owó séfà, gbogbo wa ni a rí i, ọmọ iléèwé sì rí i pẹ̀lú. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kú ní Treichville tàbí Adjamé kì í wálé ọdún, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò ọmọ náà. Àwa olùkọ́ ni a máa ń rí àga tí ó ṣófo kí ìdánwò tó dé.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Owó Kodifuá ti kọ́ ilé, ó sì ti rán ọmọ níwèé ní ìlú yìí. Aláìmoore ni yóò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ní ọdún tí a lè kà. Ní oṣù kìíní ọdún 1994 ni wọ́n sọ iye séfà di ìdajì sí owó Faransé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ọ̀tẹ̀ pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010 ni ogun tún bẹ́, nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì kú kí ó tó rọlẹ̀ ní 2011. Ẹni tí ó lọ ní 1990, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ogún ọdún lọ, bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kí a kọ ọdún tí ènìyàn lọ, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí ó kàwé dé, òwò tí ó ṣe, iye ọdún tí ó lò kí ó tó dá dúró, àti bóyá ó padà wálé. Kí a má kọ orúkọ, nítorí ìtìjú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má kọ àwọn tí ó ṣe rere nìkan. Òbí tí ó bá fẹ́ ta ilẹ̀ yóò lè wá wò ó, yóò mọ iye tí ó rọ́wọ́ mú nínú àwọn tí ó fi iléèwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, àti iye tí ó rọ́wọ́ mú nínú àwọn tí ó parí ìwé tàbí tí ó kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó lọ. Bí ẹgbẹ́ bá gbà, àwa olùkọ́ yóò ṣe iṣẹ́ akọ̀wé náà ní àkókò ìsinmi wa láìgba owó. Ìwé ńlá méjì péré ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún Abidjan.