Kámẹ́rà Aṣọ́lé fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí kámẹ́rà tí a fi ń ṣọ́ ilé. Nígbà kan rí, ilé ìfowópamọ́ àti ilé àwọn olówó ni a ti ń rí i. Lónìí, lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta fóònù ni a ti ń rà á, ẹni tí ń gba owó oṣù bíi tèmi sì lè ra ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ra kámẹ́rà, ọ̀tọ̀ ni kí ó wúlò ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe.

Olè fo fẹ́ǹsì wọ ilé wa ní òru ọjọ́ kan, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Inú bí mi. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo ra kámẹ́rà kékeré kan. Mo kàn án mọ́ ara ògiri ní ẹ̀yìnkùlé, mo ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ inú rẹ̀, mo sì rí àwòrán ẹ̀yìnkùlé mi nínú fóònù. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a jí ní òwúrọ̀, a kò rí pọ́ǹpù tí ń fa omi kànga wa mọ́. Mo sáré ṣí kámẹ́rà wò. Ta ni mo rí? Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún 15, ni ó gbé ẹrù kan tí a fi aṣọ wé gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Aago tí kámẹ́rà kọ sí igun àwòrán náà ni aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 40, ní òru ọjọ́ náà gan-an.

Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, èrò ti pé. Àwọn kan ní kí a mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn mìíràn ti ń wá okùn. Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Tísà, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi kì í ṣe olè. Ẹ tún un wò.” Ọmọbìnrin mi kékeré ni ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá, òjìji rẹ̀ wà nílẹ̀. Ṣé oòrùn máa ń ràn lóru ni?”

Mo tún un wò. Òótọ́ ni. Àwọ̀ aṣọ ọmọ náà hàn kedere, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán òru nínú kámẹ́rà mi kì í ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun ni. Ìyàwó mi ti jáde lọ sí Òṣogbo ní ìdájí, kí a tó mọ̀ pé pọ́ǹpù ti lọ. A pè é lórí fóònù. Òun ni ó rán ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ àná, kí ilẹ̀ tó ṣú, pé kí ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe.

Kí ni ó fà á? Aago ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ṣe kámẹ́rà náà, ni ó wà nínú rẹ̀. Aago yẹn fi wákàtí 7 ṣíwájú tiwa, èmi kò sì yí i padà. Aago 6 ku ìṣẹ́jú 20 ní ìrọ̀lẹ́ ni ó sọ di òru. Nígbà tí olè wá ní tòótọ́, kò sí iná, kámẹ́rà mi ti sùn lọ. Mo bẹ ìyá ọmọ náà, mo sì bẹ ọmọ náà lójú gbogbo àwọn tí wọ́n gbọ́ ariwo. Títí di òní a kò mọ olè náà. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹlẹ́rìí ni kámẹ́rà jẹ́, ẹlẹ́rìí tí a kò bá sì tọ́jú lè jẹ́rìí èké mọ́ aláìṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́, ẹ má tíì mú owó jáde. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ilé yín ká. Bí ògiri kò bá lanu, aláńgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ṣé àgádágodo géètì lágbára? Ṣé irin fèrèsé kò tíì dógùn-ún? Ṣé gúlóòbù ẹ̀yìnkùlé ń tàn? Kámẹ́rà kò ní ọwọ́ tí yóò fi di olè mú. Bí owó yín kò bá tó ṣe méjèèjì, ẹ fi tún ilẹ̀kùn ṣe ná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ojú kan ṣoṣo. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Marie Van Brittan Brown, lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún wa. Nọ́ọ̀sì ni, àdúgbò Queens ní ìlú New York ni ó sì ń gbé. Òun àti ọkọ rẹ̀, Albert Brown, kì í sábà wà nílé ní àkókò kan náà nítorí iṣẹ́, àwọn ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé bí a bá ké sí wọn. Ní ọdún 1966, àwọn méjèèjì kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ọgbọ́n orí wọn gbé kalẹ̀, wọ́n sì rí ìwé ẹ̀tọ́ náà gbà ní 1969. Ihò mẹ́rin ni wọ́n ní kí a lu sí ara ilẹ̀kùn, kí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kí kámẹ́rà lè máa lọ sókè sódò láti wo àgbà àti ọmọdé. Ẹni tí ó wà ní yàrá yóò rí àlejò nínú tẹlifíṣọ̀n, yóò bá a sọ̀rọ̀, yóò sì lè tẹ bọ́tìnnì láti ṣílẹ̀kùn fún un tàbí láti ké gbàjarè. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó ti kọjá nígbà náà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín, ní 1959. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ilẹ̀kùn kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó bá lórí àtẹ. Èkíní ni èyí tí wáyà gùn láti ara kámẹ́rà mẹ́rin tàbí mẹ́jọ lọ sí inú àpótí kan tí ń gba àwòrán pamọ́. Ó dára fún ilé ńlá, ṣùgbọ́n ó gba owó, ó sì gba oníṣẹ́. Èkejì ni kékeré tí ń lo Wi-Fi, tí ń fi àwòrán pamọ́ sínú káàdì. Èyí ni ó bá ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà nílé rẹ̀ mu jùlọ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń fi oòrùn gba iná, tí ó sì ní síìmù tirẹ̀. Ó wúlò ní oko àti ní ibi tí a ti ń kọ́lé, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà. Bí àwòrán bá ń wọlé ní mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wíwò ó fún wákàtí kan péré yóò jẹ mẹ́gábáìtì 450. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ sínú káàdì, kí ẹ máa wò ó nígbà tí ìdí bá wà.

Ẹ kàn án sí ibi tí ẹni tí ń wọlé kò lè ṣàìgbà kọjá. Kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, kí ọwọ́ má bàa tó o. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, fìlà àti àtàrí nìkan ni yóò máa rí. Kí ó má kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ tàbí ibi tí ó ti ń wọ̀. Ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò rí ni ó fi ń ríran lóru, gíláàsì yóò sì dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sí i lójú. Aláǹtakùn a máa tàwú sí i lójú, ọyẹ́ a sì máa fi eruku bò ó. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe kékeré ní ilẹ̀ wa. Irú kámẹ́rà kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà lo ju nǹkan bíi wáàtì 5 lọ. Bí wáyà rẹ̀ bá jẹ́ irú ti fóònù, páwà báǹkì 20,000 tí ó jẹ́ ojúlówó lè gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 10 sí 12. Ẹ rí i dájú pé páwà báǹkì náà lè máa gba iná kí ó sì máa fún kámẹ́rà ní iná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bá mi ṣe ìṣírò kan. Bí kámẹ́rà bá ń lo gígábáìtì 11 lójúmọ́, ọjọ́ mélòó ni káàdì gígábáìtì 64 yóò gbà kí ó tó kún? Ọjọ́ 5 ni, yóò sì ku 9. Bí ó bá kún tán, èyí tí ó pẹ́ jùlọ ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé àwòrán rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ẹ yí páswọ́ọ̀dù tí ó bá kámẹ́rà wá láti ilé-iṣẹ́ padà. Ní ọdún 2016, ètò ìkà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà káàkiri ayé. Kò ní agbára àràmàǹdà kankan. Nǹkan bí ọgọ́ta páswọ́ọ̀dù tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fi sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá yí tirẹ̀ padà ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má sì jẹ́ kí kámẹ́rà yín máa wo inú yàrá tàbí balùwẹ̀ aládùúgbò. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 37, dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú àti ti ilé rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ilé-ẹjọ́, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, béèrè, lára àwọn ohun mìíràn, pé kí a fi hàn pé ẹ̀rọ tí ó gba ẹ̀rí pamọ́ ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Kí ni ǹ bá wí níwájú adájọ́ nípa aago tèmi?

Ọmọkùnrin náà ń kí mi bí a bá pàdé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tún gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù, èmi àti ọmọbìnrin mi a máa dúró níwájú kámẹ́rà wa. Mo máa ń gbé aago ọwọ́ mi sókè sí i. Òun a wo fóònù, a sì sọ fún mi bóyá aago méjèèjì bá ara wọn mu. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú kan, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín.